Òkúta Inú Àkàwálì

Orí òkìtì àpò ni Ràṣídátù ti kọ́kọ́ rí Yàsír, ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ẹran ọ̀sìn kan ní àdúgbò Tishigu. Dùsà, èèrí àgbàdo tí ẹṣin ń jẹ, ti sọ irun orí rẹ̀ di funfun bíi ti arúgbó.

"Bàbá àgbà, ẹ sọ̀ kalẹ̀," ni Ràṣídátù wí. "Dókítà ẹranko ni mí. Inú ń run ẹṣin bàbá mi, mo fẹ́ wo ohun tí ẹ̀ ń tà fún un."

Yàsír bẹ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ ẹ bá rí àléébù lára dùsà, Dókítà, ẹ sọ. Bẹ́ ẹ bá rí i lára èmi, ẹ bá mi bò ó."

Kò rí àléébù kankan. Láti ọjọ́ náà, Tishigu ló ń gbà lọ sílé ní Kukuo, bọ́nà tiẹ̀ jìn.

Ọ̀sẹ̀ tí ẹbí Yàsír wá tọrọ Ràṣídátù fún un gan-an ni inú tún run Àkàwálì, ẹṣin dúdú bàbá rẹ̀. Ó ń yí nílẹ̀, òógùn bò ó. Àlàájì Jìbírílù, bàbá Ràṣídátù, fárígá.

"Dùsà ọmọ yẹn ló fẹ́ pa ẹṣin mi! Mi ò ní í fún un lọ́mọ."

"Bàbá, ẹ jẹ́ n tọ́jú ẹṣin ná."

Ó ki rọ́bà gba imú Àkàwálì dé ikùn, ó da òróró àti omi sí i. Yàsír gbọ́, ó wá láìpè, ó ń fi ìjánu mú ẹṣin rìn káàkiri agbo ilé. Àlàájì ò kí i, kò sì lé e.

Nígbà tí Àkàwálì yàgbẹ́, òkúta kan bá a jáde, ó tó ẹyin ẹtù. Ràṣídátù fi òòlù là á: ìpele lórí ìpele, ìṣó kékeré wà láàrin rẹ̀.

"Ìṣó ló gbé mì. Ó ti pẹ́ tí òkúta ti ń dì mọ́ ọn, kí Yàsír tó bẹ̀rẹ̀ ọjà rárá."

Ojú Àlàájì rọ̀. Ràṣídátù ìbá dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. "Àmọ́ àpọ̀jù dùsà máa ń jẹ́ kí irú òkúta yìí tètè dàgbà. Koríko ló yẹ kó máa jẹ jù."

"Èmi ni mo ń tà á," ni Yàsír wí. "Mi ò sì bèèrè rí bí èyí tó ń jẹ ṣe pọ̀ tó. Ẹ má bínú, Bàbá."

Àlàájì wo ẹṣin rẹ̀ títí. "Èmi ni mo ń bù ú fún un láàárọ̀ lálẹ́. Mo rò pé ìkẹ́ ni." Ó gba ìjánu lọ́wọ́ Yàsír. "Sọ fáwọn èèyàn rẹ kí wọ́n padà wá ní Jímọ̀."

Nígbà tí Àlàájì wọlé tán, Ràṣídátù rọra bèèrè pé: "Ṣé o ṣì fẹ́ ẹni tó ń tú ọ fó lójú àna rẹ?"

"Òun gan-an ni mo fẹ́, olólùfẹ́ mi. Ta ni mo tún lè gbà gbọ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, wọ́n ti so yìgì.