Okùn Inú Ọ̀pá Ẹ̀yìn

"Ìwọ ojo! Bí o bá tó bẹ́ẹ̀, fi orí bẹ́ sómi!"

Esinam ló pariwo bẹ́ẹ̀ létí ọ̀sà ìlú Keta, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Selorm, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wọn, dúró lórí afárá pákó tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ mọ́, ó ń wo omi. Ọ̀dá ti jẹ́ kí ọ̀sà fà. Esinam mọ̀, torí ó wọ́ omi kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ nígbà tó lọ gba ẹja lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, omi náà kò sì ju itan rẹ̀ lọ. Ó yẹ kó sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dùn mọ́ ọn.

Selorm fi orí bẹ́, orí rẹ̀ sì gbá ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Ó léfòó, ó dojú dé, kò mira. Àwọn ọmọ náà sáré wọ omi, wọ́n yí ojú rẹ̀ sókè. Ó ń mí.

"Ẹsẹ̀ mi dà?" ló béèrè. "Mi ò mọ ibi tó wà mọ́."

Apẹja kan tó ń jẹ́ Dotse sáré dé, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lábíyá. "Ẹ jẹ́ ká gbé e dìde, kó rìn díẹ̀, ara rẹ̀ á sọ jí!"

Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun sọ sí Esinam lọ́kàn: ọpọlọ wà lókè, okùn kan ti ibẹ̀ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, iṣan tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sì yà lára okùn náà lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

"Ẹ má fà á, ẹ̀gbọ́n! Ẹ jọ̀ọ́!"

"Ìwọ dókítà," ni Dotse wí, ó pòṣé.

"Ọrùn rẹ̀ lè ti dá. Okùn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fà á, ẹ lè já a pátápátá!"

Ó dí Dotse lọ́nà, kò kúrò níwájú rẹ̀. Dotse tú ọwọ́ sílẹ̀. Wọ́n rọra ti pákó gbọọrọ kan bọ abẹ́ Selorm nínú omi. Esinam sì fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó yí, títí wọ́n fi dé ọsibítù.

Dókítà ní eegun ọrùn ti sán, okùn inú rẹ̀ sì wú, ṣùgbọ́n kò já. "Ẹni tó ní kí wọ́n má fà á ló gbà á là."

Màmá Selorm gbá Esinam mọ́ra, ó ń sunkún. "Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ, ọmọ mi."

Kò sẹ́ni tó tíì sọ ohun tó mú Selorm bẹ́ fún un. Ìyìn náà rọ̀ mọ́ Esinam lára bí aṣọ tí a jí gbé. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, èmi ni mo ní kó bẹ́. Mo sì mọ̀ pé omi ò jìn."

Obìnrin náà yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára Esinam. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò dá kíkí rẹ̀ lóhùn. Síbẹ̀, lójoojúmọ́ tí ilé ìwé bá ti parí, Esinam ń lọ ka ìwé fún Selorm ní ọsibítù.

"Ọkàn mi ń lù, oúnjẹ ń dà nínú mi," ni Selorm wí lọ́jọ́ kan. "Kí ló dé tí ẹsẹ̀ nìkan ya aláìgbọràn?"

"Iṣan kan wà tó ń dúró de àṣẹ rẹ, òun ló ń gbé ẹsẹ̀. Òmíràn kì í béèrè lọ́wọ́ rẹ rárá, òun ló ń bójú tó ọkàn àti ikùn."

"Ó dáa tí wọn ò fi ìyẹn sí ìkáwọ́ mi. Ǹ bá ti gbàgbé!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn náà ni Esinam sunkún.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan mira. Lẹ́yìn oṣù méje, Selorm ń fi ọ̀pá rìn, àmọ́ kò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Lọ́jọ́ tó padà sílé, ìyá rẹ̀ gbé akple, òkèlè tí wọ́n fi àgbàdo rò, àti ọbẹ̀ ẹja síwájú Esinam.

"Inú mi ò tíì yọ́ sí ọ tán," ló wí. "Ṣùgbọ́n jókòó, jẹun."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ẹ̀sín ti ẹgbẹ́ yín sínú ewu. Bí ẹ bá sì mọ ohun tó lè gba ẹnìkan là, ẹ sọ ọ́ kó tó bẹ́ sómi.