Ẹni Tí Yóò Kan Ilẹ̀kùn

Ikú kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹ̀rín ni Prosper kékeré ń rín nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sùn. Ilẹ̀ mọ́, ọmọ ti kú. Kò wúkọ́, ara rẹ̀ kò gbóná. Zélie, ìyá rẹ̀, gbé e mọ́ àyà títí wàrà ọmú fi rin aṣọ òkú náà gbingbin.

Láti ọjọ́ náà, wàrà màlúù wọn kò di bọ́tà mọ́. Zélie á pò ó títí apá rẹ̀ á fi kú, omi lásán ni. Òwìwí funfun kan sì ń ké lórí abà ní gbogbo àṣálẹ́.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí, Ìyá Anselme, tí ìbọ̀sẹ̀ kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, lójú oorun pàápàá. "Ẹ tún ń bi ara yín léèrè?"

Wọ́n lọ bá obìnrin tó ń tú èdì ní abúlé kejì. Ó ní kí wọ́n gún ọkàn ọmọ màlúù lábẹ́rẹ́ káàkiri, kí wọ́n sè é, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Bó bá ti ń hó, ọwọ́ àjẹ́ náà yóò máa jó o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wá tọrọ nǹkan, òun ni.

Wọ́n gbé e kaná nírọ̀lẹ́. Kùrukùru bo àgbàlá, òwìwí fò kọjá lójú fèrèsé. Bí ìkòkò ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, wọ́n gbọ́ kò, kò, kò.

"Zélie, ọmọ mi, ṣílẹ̀kùn. Euphrasie ni." Opó tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà ápù ni, òun ló hun fìlà tí wọ́n fi sin Prosper. "Ẹ bùn mi lọ́ràá ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀. Ìka mi ń jó mi bí iná."

Zélie wo ìkòkò tó ń hó lórí iná.

Anselme, ọkọ rẹ̀, fa àáké yọ, ó ṣílẹ̀kùn gbà. "Ìwọ! Ìwọ tí o hun fìlà ọmọ mi!"

"Anselme, ṣé orí ẹ pé? Ọ̀rá ni mo tọrọ, n kò tọrọ màlúù!"

"Tú àkísà tó fi di ọwọ́ rẹ̀!" ni Ìyá Anselme pariwo.

Àkísà náà já bọ́ síwájú Zélie. Èékánná ti ṣí kúrò lórí ìka, iléròrò wẹ́wẹ́ tó kún fún ọyún ló tò síbẹ̀.

"Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí," Euphrasie ń sunkún. "Á lọ, á tún padà. Kí ẹ tó fẹ́ra yín ni."

"Irọ́! Pa á, Anselme!" ni Ìyá Anselme ké.

Àáké gòkè. Zélie sì ti mú àkísà náà nílẹ̀. Àbàwọ́n rúsúrúsú, tó gan paali, irú èyí tí a fi eérú fọ̀ títí tí kì í bọ́. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó.

"Dúró!" Ó yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yín. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́."

"Ọmọbìnrin yìí, ṣé o ya wèrè ni?"

"Màámi," ohùn Anselme ti lọ sílẹ̀, "ẹ bọ́ ọ."

Ìyá Anselme jókòó, ó bọ́ ọ. Nínú gbogbo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí èyí tó ní èékánná, irú iléròrò kan náà ló tò síbẹ̀.

"Ẹ̀rù ló bà mí," ó ní. "Bí wọn kò bá nawọ́ àjẹ́ sí Euphrasie, èmi ni wọn yóò nà án sí."

Anselme ju àáké sílẹ̀. Zélie gbé ìkòkò ọ̀rá, ó fi pa ọwọ́ Euphrasie, ó kúnlẹ̀, ó fi pa ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Lórí ààrò, omi ti gbẹ, ọkàn náà ń jó tòun tabẹ́rẹ́.

"Ìyá," ni Zélie wí, kò gbójú sókè, "bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, tí kì í sì í ṣe màmá yìí, kí ló wá pa ọmọ mi?"

Òwìwí ké lórí abà. Ìyá Anselme la ẹnu láti pa òwe àjẹ́ tó ké lánàá, ó tún pa ẹnu dé.