Má Ṣe Búra, Láníyì

Ọsàn ni Wàsílátù ń bó lọ́jọ́ tí Láníyì kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọjà èso Zuba, abẹ ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, èèpo ọsàn sì ń já bọ̀ sílẹ̀ gbọọrọ. Kò wo ọwọ́ rẹ̀ rárá. Ọ̀nà Kàdúná tí àwọn tírélà ń gbà kọjá ló tẹjú mọ́. Ìbòrí rẹ̀ ti yọ̀ sẹ́yìn, òógùn sì ń dán níwájú orí rẹ̀ bí ìrì òwúrọ̀ lára èso.

Láníyì dúró sójú kan. Jórinjórin ni, ọmọ Ìlọrin, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wá bá wọn kọ́ Àbújá lọ́dún 1982, nígbà tí Garki ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa àti irin. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn oníṣẹ́ ló yà sí Zuba kí wọ́n lè ra nǹkan jẹ. Sìgá wà lẹ́nu rẹ̀, bó ṣe máa ń wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

"Arẹwà, fún mi ní márùn-ún."

Wàsílátù kò gbójú sókè. "Ẹ kọ́kọ́ pa iná yẹn ná."

"Iná wo?"

"Èyí tó ń jó lẹ́nu yín. Èéfín rẹ̀ ń bà lé mi lọ́sàn."

Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣítù, ọ̀rẹ́ Láníyì tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan ní Jikwoyi, yọrí síta ó sì kígbe pé, "Kai! Láníyì, o ti pàdé ọ̀gá ẹ lónìí!"

Ojú ti Láníyì. Ì bá kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, torí ọlọ́sàn kò wọ́n ní Zuba. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti gbójú sókè wàyí, Láníyì sì rí i pé kò sí ìjà nínú ojú yẹn. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ kó rẹ ọmọ ogún ọdún lọ. Láníyì ju sìgá sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa.

"Ẹ ṣé," ni Wàsílátù wí, ó sì fi ọsàn kan ṣe ènì fún un.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí kò bá sí iṣẹ́ ni Láníyì ń wọkọ̀ lọ sí Zuba, a sì kó ọsàn bọ̀ wálé tó bẹ́ẹ̀ tí Ṣítù fi ní òun yóò di àdán. Díẹ̀díẹ̀ ló gbọ́ ìtàn ọmọbìnrin náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀, Àjíṣafẹ́, ló máa ń fi ọkọ̀ kó ọsàn wá láti ìlú wọn, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà kí èémí má já a. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá náà fi mu sìgá. Láràárọ̀ ni Wàsílátù ń da agolo tó ń tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí nù, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń gbé e padà sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀, kó tó jáde lọ pàtẹ.

"Ẹ wò ó, Bọ̀dá Láníyì," ló wí lọ́jọ́ kan. "Mo fẹ́ràn kí ẹ máa wá. Àmọ́ bí sìgá bá ń bá yín wá, ẹ má wá mọ́. N kò lè fọ agolo ẹni méjì láyé mi."

Láníyì rẹ́rìn-ín, ó sì rí i pé òun nìkan ló ń rín in. Ọjọ́ kejì ló jáwọ́.

Kò rọrùn. Ó ń kanra mọ́ gbogbo ènìyàn, ó ń jẹ orógbó títí ahọ́n rẹ̀ fi kú. Bí òùngbẹ náà bá dé, Ṣítù tí kò fi sìgá kan ẹnu rí ni yóò fà á dìde. "Ó yá, bọ́ sóde," ni yóò wí, wọn yóò sì rìn yí Jikwoyi ká títí ara Láníyì yóò fi rọlẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Láníyì lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Àjíṣafẹ́. Bàbá náà fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí mẹ́ta, egungun èjìká rẹ̀ yọ bí igi àjà.

"Wọ́n ní o ń mu sìgá."

"Mo ti jáwọ́, Bàbá."

"O ti jáwọ́." Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó rí èémí mí, ó ní, "Ó dáa. Jẹ́ kó pé ọdún kan. Bó bá pé, wá mú Wàsílátù Àníkẹ́ mi lọ."

Inú Láníyì dùn débi pé ó fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè kún un. "Mo fi Ọlọ́run búra, Bàbá! Bí mo bá tún fi sìgá kan ẹnu mi, kí ẹ má fún mi lọ́mọ yín."

Bàbá wò ó títí.

Àwọn oṣù tó tẹ̀lé e dùn bí oyin. Wọ́n a jókòó níbi tí àpáta Zuma ti hàn ketekete, Wàsílátù a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé irùngbọ̀n rẹ̀ dà bí ti ewúrẹ́ Gwari.

"Kí ni kí n máa pè ọ́?" ni Láníyì béèrè lọ́jọ́ kan.

"Ṣé mi ò lórúkọ ni?"

"Àníkẹ́ ńkọ́?"

"Ti Bàbá mi nìyẹn. Ẹ lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn."

Láníyì dìde lóòótọ́, ó lọ tọrọ oríkì lọ́wọ́ àna rẹ̀. Wàsílátù gbọ́ tí bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín láti inú yàrá, ó sì fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu.

Ó ti pé oṣù mẹ́wàá tí Láníyì ti jáwọ́ nínú sìgá nígbà tí ọyẹ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Láníyì àti Ṣítù ń ṣiṣẹ́ lórí ilé alájà púpọ̀ kan ní Garki. Pákó tí Ṣítù dúró lé yẹ̀. Láníyì gbọ́ ìró kan, ó ṣí awò dúdú kúrò lójú, ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà sì ti di afẹ́fẹ́. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Bí àwọn ọkùnrin ti ń bọ̀ láti ìdí sàréè, ẹnìkan na páálí sìgá sí Láníyì, bí ẹni na omi sí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó mú ọ̀kan. Ó fà á títí iná fi dé ìka rẹ̀.

Ó ní ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fà á dìde mọ́ pé kó bọ́ sóde. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti padà sí páálí kan lóòjọ́. Ó ń jẹ ewé gúáfà, ó ń fọ aṣọ lójoojúmọ́, ó sì ránṣẹ́ sí Zuba pé ọ̀fọ̀ ni kò jẹ́ kí òun wá.

Wàsílátù fúnra rẹ̀ ló wá bá a ní Jikwoyi lọ́jọ́ Àìkú kẹta, ó gbé abọ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́. Ó bá a lórí ẹní Ṣítù. Kò tíì kí i tán tí òórùn sìgá fi gbá a nímú.

"Bọ̀dá Láníyì, ẹ ti mu ún."

"Rárá o. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló mu ún sí mi lára."

"Ẹ tún un sọ."

"Mo búra fún ọ, Àníkẹ́..."

"Ẹ má pè mí ní Àníkẹ́!" Ohùn rẹ̀ já. "Èéfín nìwà, Bọ̀dá mi, ta ló fi aṣọ bò ó rí? Ká ní ẹ sọ pé ẹ ṣubú ni, ǹ bá jókòó tì yín, ǹ bá bá yín sunkún. Ṣítù ló kú, mi ò kúkú gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú mi, ẹ parọ́."

Ó gbé abọ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì lọ. Láníyì kò lè tẹ̀lé e. Sìgá tó kù nínú páálí ló jókòó mu tán, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Oṣù kan ààbọ̀ kọjá. Ní ọjọ́ kan, Jàbárù, àbúrò Bàbá Àjíṣafẹ́, wá bá a níbi iṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi ń pè ọ́," ló wí, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láníyì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kọ òun lójú ara òun ni. Síbẹ̀ ó lọ. Wàsílátù rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó yí ojú padà, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ẹran ara Bàbá ti tán. Ohùn rẹ̀ kò ju ìró ewé gbígbẹ lọ.

"Sún mọ́ mi. Ẹnu rẹ ń rùn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Ṣé ó dùn?"

Ìbéèrè náà ya Láníyì lẹ́nu. "Kò dùn mọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n kò fi mí sílẹ̀."

"Mo mọ̀." Bàbá fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí kí èémí lè padà. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo jáwọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi ìbúra ṣe. Mo búra fún ìyá mi, mo búra fún ìyá Wàsílátù, mo fọwọ́ lé Kùránì. Bí mo bá wá ṣubú, mo á ní, ta ni ń bá abúra-èké sọ̀rọ̀? N ó sì fara pamọ́ máa mu ún lọ. Ọjọ́ tí ìyàwó mi ń kú, ó yìn mí lójú ẹbí. Ó ní mo jáwọ́ nítorí òun. Sìgá wà lápò mi bó ti ń sọ ọ́, Láníyì. N kò tíì sọ fún ẹnì kan. Ìyìn yẹn ń dùn mí ju àyà yìí lọ."

Omi yọ lójú arúgbó náà, ó sì ṣàn gba inú irùngbọ̀n rẹ̀.

"Má ṣe búra mọ́. Bó bá ń ṣe ọ́, sọ. Bó o bá mu ún, sọ. Ibi tá a bá fi nǹkan yẹn pamọ́ sí ló ti ń sanra. N kò ka ọdún kan yẹn mọ́. Lọ bá a."

Láníyì bá Wàsílátù lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fọ agolo. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, òun ọkùnrin.

"Mo parọ́ fún ọ. Mo mu ún lọ́jọ́ tí a sin Ṣítù, n kò sì tíì dáwọ́ dúró. Mo mu ọ̀kan kí n tó wọkọ̀ wá síbí. N kò ní búra. N kò mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò ní mu ún mọ́ lónìí."

"Lónìí nìkan?"

"Lónìí ni mo mọ̀."

Wàsílátù na agolo náà sí i, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. "Ẹ bá mi gbé e wọlé fún wọn."

Láníyì kó kúrò ní Jikwoyi, ó gba yàrá sí Zuba. Agolo Bàbá di iṣẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ kó tó wọ ọkọ̀ àwọn oníṣẹ́. Bí òùngbẹ bá dé, yóò lọ sídìí àtẹ, yóò ní, "Ó ń ṣe mí bíi kí n mu ún," Wàsílátù yóò sì sún lórí àpótí kí ó lè jókòó. Lọ́jọ́ kan ó tilẹ̀ ra sìgá kan, ó gbé e wá láìtan iná sí i, ó nà án sí i bí ọmọ tó jí ẹran. Wàsílátù rún un mọ́ ọwọ́. Kò bú u. Ọwọ́ tó fi rún un ló fi di tirẹ̀ mú.

Òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀ nígbà tí Bàbá Àjíṣafẹ́ kú, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Láníyì gbé ẹ̀yìn Bàbá lé àyà ara rẹ̀ kí ó lè rí èémí mí. Ó mí ẹ̀ẹ̀kan, gígùn, láìkọ́. Kò tún mí mọ́.

Wọ́n sin ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn awakọ̀ tó wá bá wọn kẹ́dùn ń tan sìgá, èéfín rẹ̀ sì ń fẹ́ bọ̀. Ẹsẹ̀ Láníyì ti gbé ìgbésẹ̀ méjì sọ́dọ̀ wọn. Ó yí padà, ó lọ tààrà sáàárín àwọn obìnrin tó jókòó ti Wàsílátù, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn.

"Wàsílátù, ó ń ṣe mí bíi kí n mu ún."

Àwọn obìnrin náà pòṣé. Irú ọkùnrin wo nìyí, lójú òkú? Ṣùgbọ́n Wàsílátù dìde nílẹ̀, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó jáde tọ̀ ọ́ wá. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ.

"Ó ń ṣe èmi náà," ló wí nígbà tó pẹ́. "Bíi kí n wọlẹ̀ tọ wọ́n lọ."

"Má lọ."

"Ẹ̀yin náà ẹ má lọ."

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ni yìgì, ní pálọ̀ Jàbárù. Wàsílátù ní kí wọ́n má ṣe lu nǹkan kan, kí wọ́n má pe èrò. Bí Jàbárù ti ń fi í fún ọkọ, ó dé ibi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì lè pè é. Lèmọ́mù dúró dè é. Ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ ló dìde lọ di ọwọ́ Jàbárù mú títí tó fi sọ ọ́ parí.

Láníyì kò mu sìgá mọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni òùngbẹ náà fi ń padà wá, ó sì ń sọ ọ́ nígbà gbogbo, lójú ọ̀nà, lórí oúnjẹ, nígbà mìíràn lórí ẹní àdúrà. Ọjọ́ tó lọ pátápátá, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yìgì náà, nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ìyàwó tuntun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá wọn, ó bú sẹ́kún. Láníyì kò sọ pé kó dákẹ́. Ó jókòó tì í lórí símẹ́ǹtì títí ẹkún náà fi rọlẹ̀.

"Ebi ń pa mí," ni Wàsílátù wí, ojú rẹ̀ ti wú.

Láníyì dìde lọ wá ẹ̀kọ tútù àti àkàrà wá, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan.