Àwòrán Kẹrìndínlógójì

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni okùn náà fà. Ó dákẹ́, ó tún fà lẹ́ẹ̀mẹta. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú àdéhùn wa.

Ẹ̀ẹ̀kan ni "ara mi le." Ẹ̀ẹ̀mejì ni "tú okùn sí i." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni "fà mí sókè." Bí èmi àti Àkèré ṣe ń bára wa sọ̀rọ̀ nìyẹn, òun nísàlẹ̀ omi pẹ̀lú kámẹ́rà, èmi nínú ọkọ̀ kékeré. Àkèré ni wọ́n ń pe amòòkùn náà nítorí bàtà rọ́bà gbàgàdà tó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Èmi ti ru sìmẹ́ńtì rí, mo ti gbálẹ̀ ilé fọ́tò, mo ti gbẹ́ sàréè fún òkú tí kò lẹ́bí. Okùn dídì mú ló bá mi lára mu jù. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹni tó di okùn mú pé níbo ló ti ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kámẹ́rà méjì ló wà lórí tábìlì Àkèré, olúkúlùkù pẹ̀lú àpótí tirẹ̀ tí omi kì í wọ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi yan ọ̀kan o," ó ní. "Oníkáàdì yìí, mo lè ya ẹgbẹ̀rún àwòrán, kí n sì máa wò ó níbẹ̀ nínú omi. Onífíìmù, mẹ́rìndínlógójì péré. Tó bá tán, ó tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń pààrọ̀ fíìmù nínú omi."

Obìnrin aránṣọ tó gbé iṣẹ́ náà wá jókòó sórí àga onígi, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Kì í ṣe ẹgbẹ̀rún ni mo ń wá," ó ní. "Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rí."

Oṣù méje ṣáájú ni ọkọ̀ akérò kan rì lẹ́nu èbúté. Àwọn tó wà lókè bẹ́ sómi. Àwọn mọ́kànlá tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ kò jáde, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí aránṣọ yìí bí sì wà lára wọn. Ihò tí wọ́n gé sórí òrùlé ni wọ́n gba gbé òkú jáde. Kò sẹ́ni tó dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó ni ọkọ̀ ní kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn, pé ìdààmú ló pa wọ́n. Bí ìdábùú irin bá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà lóde, a jẹ́ pé irọ́ ló ń pa, pé ẹnìkan ló sé wọn mọ́bẹ̀. Kóòtù sì ti fún ọlọ́kọ̀ láyè àtigé ọkọ̀ náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọ̀la ni. Ọjọ́ kan yìí nìkan ló kù fún aránṣọ.

"Onífíìmù ni kó o mú," mo ní. "Lọ́yà wọn á ní kọ̀ǹpútà lẹ fi ṣe ti oníkáàdì. Fíìmù ò mọ irọ́ í pa."

Àkèré bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Bàbá wa ti di lọ́yà! Ilé ìwé wo lẹ lọ?"

"Ẹsẹ̀ mi ló lọ ilé ìwé, orí mi kàn tẹ̀ lé e ni."

Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ fún mi. "Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ ṣeun, bàbá mi."

Òótọ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi sọ ọ́ yàtọ̀ sí ohun tí ẹnu mi sọ.

Omi ọjọ́ náà dúdú bí epo tí wọ́n tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Ó gbé Àkèré mì bí ẹni gbé òkèlè mì. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ni okùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta rẹ̀. Ó rọra ń ṣe é, bí ìka ọwọ́ tó tẹ̀ tó ń kan pákó. Irun ọrùn mi dìde. Mo mọ ìkànkùn yẹn.

"Kí ló wí?" Aránṣọ, tó bá wa wá nínú ọkọ̀, na ọrùn sí mi.

"Ó ní ara òun le."

Nígbà tí Àkèré yọrí, ètè rẹ̀ ti funfun. Ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, kò kọ́kọ́ gòkè. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń fa okùn?"

"Èmi kọ́. Ìwọ lò ń fà á."

"Mi ò fà á o." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo tú u kúrò lọ́rùn ọwọ́ mi kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì di kámẹ́rà mú. Ara ilẹ̀kùn yẹn ni mo so ó mọ́."

Aránṣọ ló bi í bóyá ó rí irin náà.

"Ìyá, mi ò rí ọwọ́ ara mi. Ìbọ̀wọ́ nípọn, ẹrẹ̀ bo gbogbo ibẹ̀. Mo kàn ń nu ún, mo ń tẹ kámẹ́rà, iná rẹ̀ ń bù yẹ̀rì. Ohun tí iná rí, fíìmù nìkan ló mọ̀ ọ́n. Mo ya mẹ́rìndínlógójì pé."

Èmi ni mo máa ń fi omi tó mọ́ ṣan iyọ̀ kúrò lára àpótí kámẹ́rà lẹ́yìn iṣẹ́. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé irinṣẹ́, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń ta. Mo ṣan án dáadáa. Lẹ́yìn náà mo ṣí àpótí, mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, mo fa fíìmù náà jáde bí ìfun ẹran. Mo tẹ́ ẹ sóòrùn títí òógùn fi bọ́ láti iwájú orí mi sórí rẹ̀. Ẹni tó ti gbálẹ̀ ilé fọ́tò mọ̀ pé fíìmù tó bá ti rí oòrùn ti fọ́jú nìyẹn. Ìdí tí mo fi yan onífíìmù nìyẹn: ti oníkáàdì, mi ò mọ bí a ṣe ń pa á rẹ́. Mo ká a padà sínú agolo rẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní.

Ní ìrọ̀lẹ́, a jókòó sẹ́nu yàrá òkùnkùn àgbàlagbà kan tó ń fọ fíìmù. Oògùn inú ọpọ́n rẹ̀ ń rùn bí ọtí kíkan. Ó pẹ́ kó tó yọrí.

"Ìmọ́lẹ̀ ti wọ inú rẹ̀," ó ní. "Gbogbo rẹ̀ ti jó."

Aránṣọ di téèpù ọrùn rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú.

"Àyàfi ẹyọ kan. Ẹyọ ìparí." Ó wo Àkèré. "Ọ̀rẹ́, inú omi lo ti yà á lóòótọ́?"

Ó gbé àwòrán náà sílẹ̀, ó ṣì tutù. Kò sí omi nínú rẹ̀. Inú yàrá gbígbẹ ni, ọ̀sán gangan ni. Orí àwọn ènìyàn la rí láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn kọjú sí fèrèsé róbótó kan tó wà lára ilẹ̀kùn. Aránṣọ fi ìka kan ọrùn ọmọbìnrin kan.

"Kọ́là yìí," ó sọ jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo rán an. Òwú tán lọ́wọ́ mi, mo fi òwú búlúù parí rẹ̀. Aṣọ yìí ni mo fi sin ín."

Àkèré ń wo gíláàsì fèrèsé. Ọkùnrin kan wà lóde tó ń wo inú, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìdábùú irin. Fìlà rẹ̀ ya létí ọ̀tún. Àkèré gbé ojú sókè, ó wo fìlà orí mi.

Èmi ni. Òṣìṣẹ́ tuntun ni mo jẹ́ nínú ọkọ̀ náà, kò sẹ́ni tó mọ ojú mi nínú ìlú. Àwọn tó rí i lẹ́nu ilẹ̀kùn náà ló kú sísàlẹ̀. Ìjì ń jà lábẹ́ oòrùn lọ́jọ́ tá à ń wí yìí, ọ̀gá ọkọ̀ pariwo pé kí n sé àwọn ìsàlẹ̀ mọ́bẹ̀, kí wọ́n má baà rọ́ wá sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n dojú ọkọ̀ dé. Mo sé wọn. Nígbà tí omi dé, mo bẹ́. Mo sá títí, mo tún padà. Ẹni tó bá rì nǹkan mọ́lẹ̀ kì í lè sùn jìnnà sí i.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn níbẹ̀. Mo rò pé obìnrin náà á gbá mi létí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ṣé wọ́n kanlẹ̀kùn?" ó bi mí.

"Wọ́n kan án. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún kan án lẹ́ẹ̀mẹta."

Ó mi orí. "Bí ọmọ mi ṣe máa ń kan ilẹ̀kùn yàrá mi nìyẹn. Mo ní kó máa dúró kí n dá a lóhùn."

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, akọ̀wé fẹ́ ya àwòrán mi. Oníkáàdì ni tiẹ̀. Mo rántí Àkèré, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó yà mí, ó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó wò mí, ó tún yà mí. Ó wò ó pẹ́ ní ìgbà kejì.

"Bàbá," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọmọ yẹn kó gbé ọwọ́ kúrò léjìká yín."

Mi ò bojú wẹ̀yìn. Ògiri ni mo fẹ̀yìn tì, aṣọ èjìká mi sì ti tutù rinrin.