Ilá Tí Wọ́n So Àkísà Mọ́

Gbogbo ẹni tó ń ra ilá ní Mile 12 ló ń ṣẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ wò. Èyí tó bá dá pọ́ọ́, wọ́n á jù ú sínú báàgì. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin dúdú tó ń dán, tó dúró níwájú Ọlábámijí, ọmọkùnrin tó ń ta ilá, láàárọ̀ ọjọ́ náà, èyí tó ti kó ló ń ṣà.

"Aunty, eyín yín á kán o!"

"Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Irúgbìn inú ẹ̀ ni mò ń wá."

Nimat ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wá irúgbìn ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi tí ilé iṣẹ́ wọn ń tọ́jú sínú òtútù, kí àwọn onímọ̀ lè máa da irú kan pọ̀ mọ́ òmíràn.

"Tí gbogbo wa bá ń gbin irú kan ṣoṣo," ó ní, "àrùn kan péré ló máa kó gbogbo ẹ̀ lọ."

Ká má purọ́, Bámijí ò gbọ́ ju ìdajì lọ. Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ ló ń wò. Kí oṣù náà tó parí, ọ̀rọ̀ wọn ti wọ̀.

Ìfẹ́ náà ló tì í ṣìṣe. Àrùn tó ń sọ ewé ilá di yẹ́lò ò mú ti ìyá Bámijí rí, lóko wọn lẹ́yìn Ìkòsì. Àmọ́ omi gbé oko náà lọ lọ́dún yẹn, ó ku igi kan ṣoṣo. Ìyá so àkísà mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, irúgbìn ni. Bámijí já gbogbo èso rẹ̀ fún Nimat, kò tiẹ̀ dúró kó gbẹ.

"O ti pa ilá ilé bàbá ẹ!" Ìyá figbe ta. "Ọmọ tó o já a fún yẹn ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilé mi!"

Bámijí ròyìn fún Nimat. Inú bí i gidi.

"O mọ̀ pé irúgbìn Mummy ni, o sì já a?"

"Olólùfẹ́ mi, kí inú ẹ lè dùn ni."

"Inú mi ò dùn."



Nimat sá ilá náà, ó gbin irúgbìn inú ẹ̀ sínú ọ̀rá. Mẹ́ta péré ló hù. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ fẹ́ gba gbogbo rẹ̀, Nimat kọ̀ jálẹ̀: ọ̀kan fún wọn, méjì fún onílá. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé méjèèjì dé Ìkòsì, ó kúnlẹ̀.

"Mummy, ẹ má bínú. Tiyín rèé."

Ìyá yẹ ewé wọn wò, ó tún un yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló ti ọ̀rá kan padà síwájú Nimat.

"Gbà, tìẹ nìyẹn."

"Mummy, tiyín ni mo kó wá—"

"Ọwọ́ ìyá ọkọ mi lèmi náà ti gbà á. Bámijí! Gbé ọkọ́ wá, kí ìyàwó ẹ gbin tiẹ̀."