Igi Tí Ó Bá Òjò Jà

Òjò ọdún náà ti rọ̀ dáadáa. Iṣu ti ń fà lórí ebè, koríko ti ga dé orúnkún, gbogbo oko tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n irun orí Hanane ń bọ́ sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ.

Salamatou kàn fẹ́ di irun ọmọ ni. Ó fa ìyarun lẹ́ẹ̀kan, ìdì irun kan bá a lọ. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, òmíràn tẹ̀lé e. Ọmọ ọdún méjì àbọ̀ náà kò sunkún. Ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára igi ńlá kan tó dá dúró láàárín oko, igi tí kò ní ewé kan ṣoṣo lórí.

"Màmá," ó ní, "òtútù ń mú òun náà."

Igi Fúlàní ni àwọn ará oko ń pè é. Ọkùnrin iléeṣẹ́ igbó tó máa ń gun alùpùpù wá láti Bantè ló sọ pé akasíà ni orúkọ rẹ̀. Màlúù ló gbìn ín. Láyé bàbá Mounirou, ọkọ Salamatou, àwọn darandaran máa ń kó ẹran sùn sí oko wọn lẹ́bàá Agoua ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ìgbẹ́ màlúù lè sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá fún iṣu. Èso tí màlúù ti jẹ bọ̀ láti òkè ọ̀hún, ibẹ̀ ni wọ́n yà á sí, igi sì hù. Ẹ̀gún rẹ̀ funfun, ó gùn tó ìka ọwọ́. Iṣu tó bá bọ́ sábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìwà rẹ̀ nìkan ni kò bá ti ẹgbẹ́ mu. Bí ọyẹ́ bá dé, tí igi òrí àti igi irúgbá wọ́wé tán, ìgbà náà ni tirẹ̀ ń rúwé. Bí òjò bá dé, tí gbogbo igbó ń yọ̀, òun a gbọn ewé rẹ̀ dà sílẹ̀, a dúró gbẹrẹfu bí òkú.

Salamatou kò mọ èyí nígbà tó bí Hanane. Ọmọ Savalou ni, ilé aránṣọ ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó mọ aṣọ, kò mọ igi. Nínú ẹbí Mounirou, bí ìwọ́ ọmọ bá já, ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò wé e sínú àkísà funfun, tí yóò rì í mọ́ ìdí igi tí ewé rẹ̀ tutù, kí ayé ọmọ lè tutù. Inú ọyẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1991 ni wọ́n bí Hanane. Iná ti jó igbó, gbogbo igi ti wọ́wé, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣàìsàn wò ní Gouka. Salamatou wo ọ̀tún, ó wo òsì. Igi kan ṣoṣo ló tutù. Kí ni ẹni tí kò mọ̀ ìbá ṣe?

Nígbà tí Ìyá Gouka dé, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń pe ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbé ọmọ jó, ó sì béèrè igi wo ni wọ́n lò fún ìwọ́ rẹ̀.

"Èyí tó wà láàárín oko, Ìyá. Òun ló tutù jù."

Ìyá àgbà náà rọra gbé ọmọ sílẹ̀.

"Ìyàwó, o ti rí igi yẹn nígbà òjò rí?"

"Rárá, Ìyá."

"Ó dáa," ni Ìyá Gouka wí.

Òjò àkọ́kọ́ dé, ewé igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ọmú kò sì wu Hanane mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Bantè, wọ́n fún un ní oògùn olómi, ó ń rù síi. Ọyẹ́ dé, igi rúwé, ọmọ sanra, ó ń rẹ́rìn-ín. Òjò ọdún kejì tún dé, ó tún rí bákan náà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, Bàbá Sanoussi, àgbà darandaran tó ṣì ń kó màlúù wá sùn sí oko wọn, gé ẹ̀ka kan fún ẹran rẹ̀. Ọwọ́ òsì Hanane kò gbé sókè mọ́ títí ibi tí wọ́n gé fi sọ ewé tuntun. Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́, ó ju àdá rẹ̀ sílẹ̀.

"Igi yìí àti òjò ń jà," ó ní. "Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ní òjò ṣèlérí omi fún un, kò mú un wá. Igi bá búra pé bí òun bá gbúròó òjò, òun á tilẹ̀kùn. Ẹ̀yin wá gbé ọmọ sínú ilé oníjà."

Ìdí nìyí tí àyà Salamatou fi já ní ọjọ́ tí irun ọmọ ń bọ́. Ìgbà òjò kẹta nìyí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Hanane kò tó ẹrù igi ìdáná mọ́ bí a bá gbé e. Bí òjò ọdún yìí bá pẹ́, ọmọ náà ń lọ.

Ìyá Gouka jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rànwú. Ó rí irun náà nílẹ̀. Ó ṣà á, ó dà á sínú ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ọkọ́ kékeré, ó ní òun ń lọ ṣa èso igi Fúlàní tó jábọ́ fún ewúrẹ́. Bàbá Sanoussi, tó wá kí wọn láti ibùdó rẹ̀ lọ́nà Koko, bá a lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, kò sí èso kan nínú igbá rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Hanane béèrè oúnjẹ. Kí oṣù tó parí, irun ti ń hù lórí rẹ̀, nínú òjò, tí igi náà ṣì wà láìléwé. Salamatou dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ oògùn Bantè.

Ọdún mẹ́rin tó tẹ̀lé e dùn. Títí di òní, bí Salamatou bá pa ojú dé, ó ń rí wọn. Ọyẹ́ á dé, àga Ìyá Gouka á ti wà lábẹ́ igi náà kí oòrùn tó là. Àwọn ẹ̀gà á máa pariwo lórí, ìtẹ́ wọn á máa mì lẹ́nu ẹ̀ka, oyin á máa kùn lára òdòdó, àwọn màlúù á dùbúlẹ̀ sí òjìji. Hanane á fi èso tó ká kò bí etí ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, á fi ṣe yẹtí.

"Ìyàwó mi tuntun," Ìyá Gouka á pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, "ta ló rà wọ́n fún ọ?"

"Ọkọ mi ni."

"Ahun ni ọkọ rẹ. Abẹ́ igi ló ti ṣà wọ́n."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí òwú á fi já.

Ṣùgbọ́n nígbà òjò, ikọ́ á mú Ìyá Gouka, kò ní lè kúrò lórí ẹní. Gbogbo ilé sọ pé àgbà ti dé.

Ní òjò ọdún 1997, Hanane ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Agoua. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Salamatou rí i tó fara ti igi náà lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rù àtijọ́ sì bà á. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Hanane, ẹ bá mi gé e. Òjò mẹ́rin ti kọjá, nǹkan kan kò ṣe ọmọ yìí. Okùn tó so òun àti igi náà pọ̀ ti já. Ẹ jẹ́ ká gé e kí igi náà má baà rántí ọmọ yìí."

Láti inú yàrá, Ìyá Gouka húkọ́. "Ìyàwó, jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀rùn."

"Kí ló dé, Ìyá?"

Ìyá àgbà ya ẹnu. Ó wo Hanane tó ń so bàtà rẹ̀, ó pa ẹnu náà dé.

"Ẹ̀gà ti yé sórí rẹ̀," ó ní.

Salamatou rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gà á wá igi mìíràn, Ìyá."

"Òótọ́ ni," ni Ìyá Gouka wí. "Ẹ̀gà á wá igi mìíràn."

Mounirou gé e lọ́jọ́ náà, kí oòrùn tó kan àtàrí. Salamatou kò jẹ́ kí Hanane lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó gbé e sórí itan ní àgbàlá, ó dì í mú. Bí àáké bá ti dún, á wo ojú ọmọ. Kó. Hanane ń jẹ àgbàdo sísun. Kó. Ó bu òmíràn jẹ. Igi náà ké, ó wó, ilẹ̀ mì, àwọn ẹ̀gà fò lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Màmá, ẹ tú mi sílẹ̀, ẹ ń fún mi."

Ayọ̀ kún inú Salamatou. Ó sáré wọ yàrá láti sọ fún Ìyá Gouka pé ó ti parí, ọmọ wà ní àlàáfíà.

Ìyá Gouka kọjú sí ògiri. Gbogbo irun funfun orí rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ sórí ẹní, ó yí orí náà ká bí ewé tí igi kan gbọn dànù. Ara rẹ̀ ti tutù.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí Ìyá Gouka kú, Bàbá Sanoussi wá ṣàdúrà fún un. Ó rí kùkùté náà, ó dúró.

"Ta ló ní kí wọ́n gé e?"

Mounirou wo ilẹ̀.

"Mo lè sọ ọ́ wàyí," ni àgbà náà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Èmi ni mo bá Ìyá Gouka gbẹ́ ìdí igi yìí. Ó yọ ìwọ́ ọmọ jáde, ó lọ rì í mọ́ ìdí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná yín. Mo ní igi náà kò ní gbà kí ihò rẹ̀ ṣófo. Ó gé irun orí ara rẹ̀, ó wé e sínú àkísà kan náà, ó sì fi í síbẹ̀. Ó ní bí òun bá fẹnu sọ ọ́, orí ọmọ ni yóò padà sí."

Hanane ń ta òkòtó lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí igi gbogbo wọ́wé, kùkùté náà rúwé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Salamatou wá àga Ìyá Gouka títí, kò rí i. Ó bá a lẹ́bàá kùkùté, Hanane jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ta ló gbé àga wá?"

"Èmi ni. Oòrùn ti ń yọ, Ìyá àgbà fẹ́ jókòó."

Salamatou tẹ̀ síwájú. Lára ẹ̀gún àwọn ẹ̀ka tuntun náà, òwú funfun kan wà níbẹ̀, tín-ín-rín, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn. Ó lọ́ láti ẹ̀gún dé ẹ̀gún, ó sì dẹ̀ wá sílẹ̀ níwájú àga. Kò sí ìrànwú ní ìdí rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́ta péré kí òjò dé, kí ewé náà bọ́.

"Ìyá, ẹ jí ire bí?"

Ohùn kankan kò dáhùn. Ṣùgbọ́n òwú tó dẹ̀ nílẹ̀ náà rọra gbéra, ó nà, ó le tan-tan, bí ìgbà tí ẹnìkan fà á láti orí àga.