Gbogbo Ọmọ Ló Ń Sanra

"Ó tún kọ̀," ni Kíá wí.

Ó ti tẹ bọ́tìnì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ìlà pupa kan náà ló sì ń jáde lójú kọ̀ǹpútà pé kò lè gbé láíbúrárì òṣùwọ̀n wọlé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Agbẹjọ́rò nítorí pé kò sí ẹjọ́ tí kò lè rò, wo aago ara ògiri. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wọlé wá wo iṣẹ́ wọn.

Yàrá tí wọ́n ti ń wọn ọmọ kò tóbi. Tábìlì kan, àga mẹ́ta, kọ̀ǹpútà kan, àti òṣùwọ̀n tuntun tó rí bí abọ́ gbọọrọ. Òṣùwọ̀n náà kò ní ojú tí èèyàn lè ka nọ́ńbà lára rẹ̀. Wáyà ni wọ́n fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ nìkan lèèyàn sì ti lè mọ bí ọmọ ṣe wúwo tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Kíá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló kọ ètò tí àwọn nọ́ọ̀sì á máa fi ṣàkọsílẹ̀ ìwọ̀n àwọn ọmọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà, kí á má parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ kò gbọ́ èdè òṣùwọ̀n. Àwọn tó ṣe òṣùwọ̀n ló gbọ́ ọ, wọ́n sì ti di ìmọ̀ náà sínú fáìlì kan tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní láíbúrárì. Bí ògbufọ̀, ìyẹn irinṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà tó ń ka ètò Kíá ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bá dé ibi ìwọ̀n, á pe láíbúrárì yẹn lórúkọ, á gbé e wọlé, á ní kó wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò bá irú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn mu. Tíṣà kọ̀ǹpútà ilé ìwé wọn ti kọ̀wé béèrè òmíràn, ó sì ti sọ fún Kíá pé, "Bí kò bá tíì dé, sọ pé kò tíì dé. Kò sẹ́ni tó máa pa ọ́."

"Ṣebí o ní òmíràn nílẹ̀," ni Agbẹjọ́rò wí.

Kíá mọ èyí tó ń sọ. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ nílé tí kò sí òṣùwọ̀n nítòsí, ó ti fúnra rẹ̀ ṣe ayédèrú láíbúrárì kan, ó sì fún un ní orúkọ ojúlówó. Gbogbo iṣẹ́ ayédèrú náà ni kó wo ìwọ̀n ọmọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kó fi díẹ̀ kún un, kó gbé e jáde. Kíá kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ètò òun á ya ìlà ìdàgbàsókè bó ṣe yẹ ni.

"Ìyẹn kì í wọn nǹkan kan," ló dáhùn.

"Ta ló máa mọ̀? Ọ̀gá fẹ́ rí nọ́ńbà, fún un ní nọ́ńbà. Bí ojúlówó bá dé, o yọ ọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àbí o fẹ́ kí gbogbo kíláàsì máa sọ pé Kíá ò yá mọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Ó gbé ayédèrú sínú fódà, àpò tí fáìlì ètò rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá àgbà dé, wọ́n gbé ọmọ kan tí ìwọ̀n rẹ̀ àtẹ̀yìnwá ti wà nínú ètò sórí òṣùwọ̀n, nọ́ńbà yọ, ìlà gòkè. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àbúrò ìyá Kíá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà níbẹ̀, gbá a mọ́ra. "Ọmọ mi! O gbà wá lọ́wọ́ ìwé kíkọ. Ọ̀la gan-an la máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó."

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ojúlówó láíbúrárì dé. Kíá gbé e sí ibi tí ìwé ìlànà ní kó gbé e sí, láàárín àwọn láíbúrárì yòókù nínú kọ̀ǹpútà. Ó ṣí ètò, kò sí ìlà pupa, ó mí kanlẹ̀, ó gba ilé lọ. Kò rántí yọ ayédèrú. Kò sì ní kí tíṣà wá bá òun dán an wò, torí tíṣà á béèrè ohun tí wọ́n lò lọ́jọ́ tí ọ̀gá wá. Ògbufọ̀ ní tirẹ̀ kì í béèrè pé ọmọ ta ni ọ́. Orúkọ ni wọ́n ní kó pè. Inú fódà ètò ló kọ́kọ́ ń wò, bó bá sì ti rí olórúkọ níbẹ̀, kì í wá a lọ síbòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Nọ́ọ̀sì àgbà wá kí wọn nílé, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀rọ yín yìí mà lóore o! Látìgbà tó ti dé, gbogbo ọmọ ló ń sanra. Kò tiẹ̀ sí ẹyọ kan tó rù."

Kíá bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, ṣùgbọ́n torí ká lè mọ̀ ọ́n ni wọ́n ṣe ra òṣùwọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti Agbẹjọ́rò lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin aránṣọ kan dúró níwájú nọ́ọ̀sì àgbà, ọmọ rẹ̀ wà ní èjìká rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, mo ní ọmọ yìí ń rù."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Kílò mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ wò ó, ìlà rẹ̀ ń gòkè."

"Aránṣọ ni mí. Èmi ni mo fi téèpù wọn ọmọ mi lóṣù tó kọjá tí mo rán aṣọ yìí fún un. Ẹ wo ọrùn rẹ̀, gbogbo ọwọ́ mi ń wọbẹ̀. Ṣé aṣọ ló ń sanra ni?"

"Gbogbo ìyá ló máa ń rò pé ọmọ òun rù," ni nọ́ọ̀sì àgbà wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kíá yọ́ wọ yàrá ìwọ̀n. Ó ṣí orúkọ ọmọ aránṣọ, ó tẹ bọ́tìnì. Kò sí ohunkóhun nínú abọ́ òṣùwọ̀n àfi aṣọ ìnura tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Kílò mẹ́fà ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ló yọ. Ayédèrú ṣì ni ètò ń pè, kì í ṣe ojúlówó.

"Tètè yọ ọ́," ni Agbẹjọ́rò sọ sí i létí. "Sọ pé wáyà ló tú. Wọ́n á tún ọmọ wọ̀n, á rí ìtọ́jú, ìwọ náà á bọ́."

Ẹjọ́ yẹn dùn ún gbọ́, ọmọ aránṣọ á sì rí ìtọ́jú lóòótọ́. Kíá gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà, ó tún gbé e kúrò.

"Àwọn yòókù ńkọ́?" ló wí. "Ọmọ mẹ́tàlélógójì ló wà nínú ètò yìí. Bí mo bá ní wáyà ni, ta ló máa mọ̀ pé irọ́ ni gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

Ó jáde. "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ. Irọ́ ni nọ́ńbà yẹn. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Èmi ni mo fà á." Ojú àwọn ìyá tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ló ti sọ ọ́ tán.

Nọ́ọ̀sì àgbà dìde. Ó fa òṣùwọ̀n àtijọ́ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ọmọ náà sí i. Kílò márùn-ún, kò lé. Kí wákàtí kan tó pé, ọkọ̀ ti gbé ìyá àti ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì àgbà tó kọjú sí Kíá. "Mo lé ìyá yìí padà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì, Kíá! Mo ní kó máa lọ, pé ọmọ rẹ̀ ń sanra."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń pe àwọn ìyá padà, wọ́n sì rí ọmọ méjì mìíràn tó ti rù. Tíṣà yọ Kíá kúrò nínú ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ilé ìwé títí ọdún ẹ̀kọ́ náà fi parí. "Ohun tí o bá gbé wọlé, ìwọ lo ṣe onídùúró fún un," ló sọ fún un. Agbẹjọ́rò kò rí ẹjọ́ kankan rò.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni ọmọ aránṣọ padà wálé. Kíá lọ bá ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"O ò mọ ọmọ mi," ló wí. "O ò gbé e rí. O wá ń sọ fún ayé bó ṣe wúwo tó."

Ó gbé ọmọ náà, ó nà án sí i. "Gbà. Gbé e."

Kíá gbé e. Ó fúyẹ́ ju bó ṣe rò lọ, ó sì bú sẹ́kún. Ọjọ́ yẹn ló yé e pé irọ́ tó ní òun á lò fún ogún ìṣẹ́jú péré ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti pé ẹni tí kò dá a tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá lè sọ pé "kò tíì ṣe é ṣe" lọ́jọ́ tójú á kàn tì í, ó ti gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ ewu.